Garret FitzGerald: Olórí Ìjọba Tó Yára Ṣèlérí

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àwọn òbí wa nígbà tí a bá sọ ohun tí kò yẹ níwájú àlejò. Lónìí, a fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tí òwe náà ṣẹ mọ́ lára. Kì í ṣe Yorùbá. Garret FitzGerald ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì jẹ́ olórí ìjọba ilẹ̀ Ireland. Ìlérí kan tó ṣe ní ọdún 1981, láì tíì rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ, ló wà lára ohun tó bí ẹsẹ òfin kan tó lo ọdún 35 nínú ìwé òfin ilẹ̀ náà. Òfin ọ̀hún kan ọ̀pọ̀ aboyún, títí dé orí ọmọ Nàìjíríà.

Ìlú Dublin ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 1926. Ilé òṣèlú ló bọ́ sí. Bàbá rẹ̀, Desmond, àti ìyá rẹ̀, Mabel, wà nínú ilé ìfìwéránṣẹ́ ńlá ti Dublin ní ọdún 1916, nígbà tí àwọn ajìjàgbara gbà á tí wọ́n sì kọjú ìjà sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Ireland dá dúró, Desmond di mínísítà. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni Desmond. Ọmọ Belfast ní àríwá ni Mabel ní tirẹ̀, inú ìdílé Presbyterian ló sì ti wá. Ẹ̀yin tí bàbá yín ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí ìyá yín sì ń gba ààwẹ̀ Ramadan, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣàjèjì sí yín. Láti kékeré ni Garret ti mọ̀ pé èèyàn méjì lè fẹ́ràn ilẹ̀ kan náà kí ọ̀nà ìjọsìn wọn má sì papọ̀.

Ọdún 1947 ló fẹ́ Joan O'Farrell, ọdún náà ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Aer Lingus. Ìṣirò ni iṣẹ́ tó yàn láàyò, ìyẹn àkókò tí ọkọ̀ máa gbéra, iye èrò àti iye owó. Lẹ́yìn náà ló di olùkọ́ ètò ọrọ̀ ajé ní yunifásítì, tó sì ń kọ̀wé fún ìwé ìròyìn. Ó wọ ilé aṣòfin àgbà ní ọdún 1965, ó wọ Dáil, ilé aṣòfin kejì tí aráàlú ń dìbò yàn, ní ọdún 1969, ó sì di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní ọdún 1973. Nígbà tó di ọdún 1977, òun ni olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Fine Gael. Ọ̀rọ̀ máa ń sáré lẹ́nu rẹ̀, ìgbà kan sì wà tó wọ bàtà méjì tí kò bára mu jáde. Àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé olóòótọ́ ni. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ni Garret Ẹni Rere.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ọ̀rọ̀ tó mú wa pa ìtàn yìí. Oyún ṣíṣẹ́ kò bófin mu rárá ní Ireland nígbà náà. Òfin kan tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1861 ti kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, ẹ̀wọ̀n gbére ló sì wà fún un. Gúúsù Nàìjíríà náà jogún òfin lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀rọ̀ yìí, a ṣì ń lò ó títí dòní, kò sì fàyè gba oyún ṣíṣẹ́ àfi láti dá ẹ̀mí ìyá sí. Tí òfin bá ti wà nílẹ̀, kí ni wọ́n tún ń wá?

Ìbẹ̀rù ilé ẹjọ́ ni. Ní ọdún 1973, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé obìnrin ní ẹ̀tọ́ láti ṣẹ́ oyún. Ọdún yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Ireland dá tọkọtaya kan láre pé wọ́n lè kó ohun ìfètò-sọ́mọ-bíbí wọlé fún ìlò ara wọn. Àwọn kan wá rò ó pé, bí adájọ́ bá lè ṣe èyí lónìí, ó lè ṣe tàwọn ará Amẹ́ríkà lọ́la. Wọ́n fẹ́ kí ìdínà náà wọ inú ìwé òfin ilẹ̀ gan-an. Ní Ireland, kò sí aṣòfin tàbí adájọ́ tó lè yí ìwé òfin ilẹ̀ padà. Aráàlú nìkan ló lè ṣe é, nípa ìdìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá. Ohun tó bá ti wọlé síbẹ̀, ó di dandan kí gbogbo ìlú tún dìbò kí ó tó lè jáde.

Ní òpin oṣù Kẹrin ọdún 1981, àwọn tó fẹ́ àtúnṣe yìí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ti lọ rí FitzGerald. Ìdìbò ti ń kanlẹ̀kùn. Charles Haughey, olórí ẹgbẹ́ Fianna Fáil, ni alátakò rẹ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí aráàlú máa wo òun bí ẹni tí kò ka ọmọ inú oyún sí. FitzGerald fúnra rẹ̀ kò fẹ́ oyún ṣíṣẹ́. Ó gbà, ó sì ṣèlérí. Haughey náà ṣèlérí tirẹ̀. Kò sí ìkankan nínú àwọn méjèèjì tó rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ sínú ìwé òfin kí wọ́n tó fi ẹnu wọn gbà á.

Láàárín oṣù 18, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ireland dìbò. FitzGerald wọlé ní oṣù Kẹfà ọdún 1981. Ní oṣù Kẹsàn-án, ó kéde pé òun fẹ́ tún ìwé òfin ilẹ̀ ṣe, kí àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì àríwá, àwọn èèyàn ìyá rẹ̀, má baà rí orílẹ̀-èdè náà bí ilé ìjọ Àgùdà nìkan. Ìjọba rẹ̀ ṣubú nígbà tó fẹ́ fi owó orí kún owó bàtà ọmọdé. Haughey gbàjọba ní ọdún 1982, ìjọba tirẹ̀ ló sì gbé ọ̀rọ̀ àtúnṣe náà jáde ní oṣù Kọkànlá. Kókó rẹ̀ ni pé ìjọba gbà pé ọlẹ̀ inú ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè, pé ẹ̀tọ́ náà dọ́gba pẹ̀lú ti ìyá, àti pé ìjọba yóò dáàbò bò ó níwọ̀n bó bá ti ṣeé ṣe. FitzGerald tún yára gbà á. Ní oṣù Kejìlá, òun ló padà sórí àlééfà.

Ibẹ̀ ni ẹyin ti já bọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1983, agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba, Peter Sutherland, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní. Ó kìlọ̀ pé ìtumọ̀ rẹ̀ kò dájú. Ó lè mú kí dókítà máa bẹ̀rù láti tọ́jú aboyún tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Lọ́wọ́ kejì, ó lè ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún oyún ṣíṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ dí. Àwọn aṣáájú ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì náà sọ pé inú àwọn kò dùn sí i. FitzGerald rí i pé òun ti ṣèlérí ohun tí òun kò yẹ̀ wò dáadáa.

Ó gbìyànjú láti tún un ṣe. Ó gbé ọ̀rọ̀ mìíràn wá, èyí tó kàn máa sọ pé ilé ẹjọ́ kò lè fi ìwé òfin ilẹ̀ pa òfin tó de oyún ṣíṣẹ́ rẹ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ àwọn aṣòfin ni ọ̀rọ̀ náà yóò wà. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀ àti nínú Labour tí wọ́n jọ ń ṣèjọba dara pọ̀ mọ́ Fianna Fáil, wọ́n sì ti tirẹ̀ ṣubú. Ọ̀rọ̀ ti Haughey ló wọlé. Olórí ìjọba wá di ẹni tó ń bẹ aráàlú pé kí wọ́n má dìbò fún àtúnṣe tí ilé aṣòfin fọwọ́ sí lábẹ́ ìjọba òun, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti ṣèlérí.

Ìpolongo náà gbóná gan-an. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Àgùdà ní kí àwọn ọmọ ìjọ dìbò bẹ́ẹ̀ ni. Mary Robinson, agbẹjọ́rò àti sẹ́nétọ̀ tó padà di ààrẹ ilẹ̀ náà, wà lára àwọn tó ní rárá. Ó pín àwọn ọ̀rẹ́ níyà, ó sì dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, aráàlú dìbò. Ìdá 66.9 nínú ọgọ́rùn-ún ní bẹ́ẹ̀ ni, ìdá 33.1 ní rárá. Díẹ̀ ló fi lé ní ìdajì àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò tó jáde. Ó di Àtúnṣe Kẹjọ.

FitzGerald ń bá iṣẹ́ lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1985, òun àti Margaret Thatcher fọwọ́ sí àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ àríwá Ireland, èyí tí ọ̀pọ̀ kà sí iṣẹ́ tó tóbi jù tó ṣe. Ní ọdún 1986, ó ní kí aráàlú gba ìkọ̀sílẹ̀ láàyè, wọ́n kọ̀. Ọdún 1987 ló kúrò lórí oyè. Nígbà tó kọ ìwé ìtàn ara rẹ̀, *All in a Life*, tó jáde ní ọdún 1991, ó jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé kò yẹ kí òun gba àtúnṣe náà rárá láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo olóṣèlú ló máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìkìlọ̀ Sutherland ṣẹ. Ọmọbìnrin ẹni ọdún 14 kan tí wọ́n fi ipá bá lò lóyún. Àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ṣẹ́ ẹ, ilé ẹjọ́ sì pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ kúrò nílùú. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ gbígba ẹ̀mí ara rẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n ní níwọ̀n bí ẹ̀mí ìyá ti wà nínú ewu, títí kan ewu pé ó lè pa ara rẹ̀, òfin gbà á láàyè. Ẹsẹ òfin tí wọ́n kọ láti dí ilẹ̀kùn náà ló ṣí i, òun náà ló sì kọ́kọ́ há ọmọdé kan mọ́lé.

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa. Ní ọdún 2002, ìjọba Ireland fẹ́ dá obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan tó lóyún padà sílé. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ di Àtúnṣe Kẹjọ mú. Wọ́n ní ìtọ́jú aboyún àti ìkókó ní Nàìjíríà kò tó ti Ireland, nítorí náà ẹ̀tọ́ ọmọ inú rẹ̀ láti wà láàyè wà nínú ewu. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kò gbà. Ẹ rò ó wò: òfin kan náà tó lè dá aboyún dúró kó má lọ sí London kò lè dá aboyún mìíràn dúró kí wọ́n má dá a padà sí Nàìjíríà.

Garret FitzGerald kú ní Dublin ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 2011, ní ẹni ọdún 85. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá kí orílẹ̀-èdè náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dá dúró. Ó rí ìyẹn, kò rí ìyókù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Íńdíà kan, oníṣègùn eyín, kú sí ilé ìwòsàn ní Galway. Oyún rẹ̀ ti ń bàjẹ́, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun yọ ọ́, wọ́n ní ọkàn ọmọ ṣì ń lù. Ìwádìí fi hàn pé ìtọ́jú rẹ̀ náà ní àléébù. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ìdá 66.4 nínú ọgọ́rùn-ún dìbò pé kí Àtúnṣe Kẹjọ kúrò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye kan náà tó mú un wọlé.

A mọ̀ pé èrò ẹ̀yin òǹkàwé wa kò lè ṣọ̀kan lórí oyún ṣíṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àdúrà tí àwọn ìyá wa máa ń ṣe fún aboyún, pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àwọn tó kọ Àtúnṣe Kẹjọ fẹ́ nǹkan kan náà. Ibi tí wọ́n ti kùnà ni pé wọn kò sọ ohun tí dókítà máa ṣe ní òru ọjọ́ tí kò bá ṣeé ṣe láti gbọ́ ohùn méjèèjì. Àwọn àgbà wa ti ronú dé ibẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá bọ́ tí ìyá sì yè é, wọ́n á ní omi ló dànù, agbè kò fọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò dìbò lórí irú nǹkan báyìí níbi tí ẹ wà. Àwọn kan nínú yín tilẹ̀ lè dé ilé aṣòfin. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìlérí wá pé kí ẹ fọwọ́ sí i, ẹ kọ́kọ́ ní kó fi ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ hàn yín. FitzGerald kò ṣe bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe òun ló san gbèsè rẹ̀.