Yẹmí Tella gba ife àgbáyé, ọjọ́ 41 péré ló kù fún un láyé

Nígbà tí ìròyìn jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 pé Sven-Göran Eriksson ti kú, gbogbo ojú òpó àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Surulere àti Yaba ló kún fún àwòrán rẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún yẹn ni bàbá náà ti sọ fáyé pé jẹjẹrẹ ń bá òun fínra. Nígbà tó di oṣù kẹta, Liverpool, ẹgbẹ́ tó ti fẹ́ràn tipẹ́, ní kó wá darí àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù wọn ní Anfield fún ọjọ́ kan. Ó wú èèyàn lórí. Àmọ́ bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ ìdárò tí àwọn ará àdúgbò wa ń kọ, ìbéèrè kan ń yọ mí lẹ́nu: ṣé ẹ rántí Yẹmí Tella ṣá?

Tẹ́ ò bá rántí, mi ò ní bá yín jà. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí lórí fóònù, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ ṣì wà ní 2007. Ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ ọkùnrin yìí kò jìnnà sí yín. Olùkọ́ ni ní National Institute for Sports, ilé-ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọgbà National Stadium ní Surulere. Tẹ́ ẹ bá ti wọ dáńfó láti Òjúẹlẹ́gba kọjá sí Alaka rí, ẹ ti gba iwájú ibẹ̀ kọjá. Ní òdìkejì títì ni pápá ìṣeré Teslim Balogun wà. Láti 1972 ni Balogun ti kú, síbẹ̀ àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà náà mọ orúkọ rẹ̀, torí wọ́n fi sọ pápá. Tella ní tiẹ̀, inú kíláàsì ló ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ di kóòshì ló ń kọ́. Olùkọ́ àwọn olùkọ́ ni, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sì í sábà lókìkí.

Ikọ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17, ìyẹn Golden Eaglets, ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Ní oṣù kẹta ọdún 2007, ó kó wọn lọ sí Togo fún ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn onílé gan-an ni wọ́n pàdé ní àṣekágbá, wọ́n sì fi àmì ayò kan sí òdo lu Togo mọ́lé. Ẹyin ní í di àkùkọ: ikọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà sí di ikọ̀ tí yóò lọ ṣojú Áfíríkà ní South Korea.

Ibẹ̀ ni àìsàn ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni. Kí ìdíje náà tó parí, ayé ti gbọ́ pé ara kóòshì Nàìjíríà kò yá, àti pé àìsàn ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Ẹlòmíràn ì bá jókòó sílé, kò sì sẹ́ni tó máa bá a wí. Tella tẹ̀ lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, Alphonsus Dike sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igbákejì.

Ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. France jẹ 2-1. Japan jẹ 3-0. Haiti jẹ 4-1. Nígbà tó di ìpele ẹni-bá-fìdí-rẹmi-a-lọ-ilé, Colombia jẹ 2-1, Argentina jẹ 2-0. Jámánì tí Toni Kroos wà nínú ikọ̀ wọn jẹ 3-1, Kroos yìí náà sì ni wọ́n padà fún ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáńgájíá jù ní ìdíje náà. Macauley Chrisantus tiwa ló gba góòlù wọlé jù, méje ló gbá. Ní September 9, Nàìjíríà àti Spain wọ̀yá ìjà ní Seoul, wọ́n gbá a títí, òdo sí òdo. Nígbà tó di pẹ́nárítì, Spain kò rí ẹyọ kan gbá wọlé. Mẹ́ta ni tiwa wọlé. Ife àgbáyé kẹta nìyẹn fún Eaglets, lẹ́yìn ti 1985 àti 1993.

Ọjọ́ Sunday ni. Mùṣín ni mò ń gbé nígbà yẹn, mo ṣì wà nílé-ìwé girama. Korea fi wákàtí mẹ́jọ ṣáájú wa, nítorí náà nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́dọ̀ wọn, ìsìn là ń ṣe lọ́wọ́ lọ́dọ̀ wa. Mo rántí bí àwọn ọkùnrin ṣe ń yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀, tí wọn kò sì padà wọlé mọ́. Ariwo tó sọ ní àdúgbò lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tí wọ́n ní láti ṣàlàyé rẹ̀ fún.

Lẹ́yìn ọjọ́ 41, ní Saturday, October 20, Yẹmí Tella kú ní ìlú Èkó. Ọmọ ọdún 56 ni. Àwọn ọmọ tó fi ife náà yangàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ìpè àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù láti Yúróòpù ni. Chrisantus lọ sí Hamburg, Lukman Haruna lọ sí Monaco, Rabiu Ibrahim lọ sí Sporting ní Lisbon. Ayọ̀ àti ẹkún wọlé tẹ̀ lé ara wọn, orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó tán tún ń bọ́ aṣọ ijó.

Níbi tí ó ti dùn mí jù nìyí, ẹ sì jẹ́ kí n fi ojú òfin tí mo kà wò ó. Tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bá ra ọmọ kan láti orílẹ̀-èdè mìíràn, òfin FIFA ní kí wọ́n yọ owó kan fún àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọmọ náà láti ọdún 12. Ẹgbẹ́ ni òfin dárúkọ. Kò dárúkọ kóòshì. Ẹni tó dúró nínú oòrùn tó kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń gba bọ́ọ̀lù sáyà, owó oṣù rẹ̀ ni tiẹ̀, ìyẹn tí wọ́n bá san án. Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ ra adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, èyí tí kò gbọdọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta owó tó ń gbà lọ́dún. Ó dáa. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni òfin yẹn dojú kọ ní aládàáni. Kóòshì tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Rowe Park ní Yaba láàárọ̀ Sátidé, tí kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ kankan, kò sí níbẹ̀.

Àwọn kan á ní ikú kò gbọ́ adójútòfò, pé tí jẹjẹrẹ bá ti dé, ó ti dé. Òótọ́ ni pé owó kò ra ẹ̀mí. Àmọ́ owó lè ra àyẹ̀wò nígbà tí ikọ́ bá kọ̀ tí kò lọ, ó sì lè jẹ́ kí ìyàwó àti ọmọ rí jẹ lẹ́yìn tí olórí ilé bá lọ. Ní June 2016, Stephen Keshi, ọmọ St. Finbarr's ní Akọka, kú lójijì lọ́mọ ọdún 54. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni Shuaibu Amodu náà kú. A sunkún. A kọ RIP. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?

Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà láti ní ètò ìlera. Ní Èkó, Ìlera Èkó wà fún un. Yin ni yin ni, kẹ́ni ó ṣe mìíràn, ni àwọn àgbà wí, òkú kò sì lè ṣe mìíràn mọ́. Àwọn tó kù ló lè ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dáwó ra jẹ́sì tuntun ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, ẹ dáwó kan náà ní ọdún yìí, kẹ́ ẹ fi orúkọ kóòshì àdúgbò yín sílẹ̀ ní Ìlera Èkó. Ẹ bi í bóyá ó ti ṣàyẹ̀wò ara rẹ̀ láìpẹ́. Tó bá ní rárá, ẹ tẹ̀ lé e lọ.