Adéoyè Lambo àti Ẹni tí Orí Rẹ̀ Dàrú Níwájú Adájọ́

Ọmọ Ìpele ní ìtòsí Ọ̀wọ̀ ni mí, ẹ̀kọ́ òfin ni mo sì ń kọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi rò pé ìgbésí ayé Olóyè Ajásin ni n óò kọ, nítorí pé ọmọ Ọ̀wọ̀ ni. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tí ó mọ ọ̀nà ìṣèlú. Oníṣègùn kan láti Abẹ́òkúta ni mo mú, nítorí ìbéèrè kan: bí ará Ìfọ́n tàbí Ìdóàní kan bá pànìyàn, tí wọ́n mú un dé iwájú adájọ́, tí ó kàn ń wo òkè, tí kò mọ ohun tí wọ́n fi kàn án, ta ni yóò sọ bóyá ó lè jẹ́jọ́?

Ohun méjì ni òfin ń wò, a kò sì gbọdọ̀ pa wọ́n pọ̀. Èkíní ni bóyá orí rẹ̀ pé ní ọjọ́ tí ó ṣe é. Abala 28 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ni ó sọ èyí. Èkejì ni bóyá orí rẹ̀ pé lónìí, tí ó lè gbọ́ ẹ̀sùn, tí ó sì lè wí tẹnu rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá nígbà tí ó pànìyàn lè ya wèrè ní àtìmọ́lé. Adájọ́ ni yóò dájọ́ èyí, ṣùgbọ́n oníṣègùn ni yóò kọ́kọ́ wo ọkùnrin náà. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 kò yí èyí padà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1923 ni a bí Thomas Adéoyè Lambo. Ó lọ sí Baptist Boys' High School ní Abẹ́òkúta, ó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì tún kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ọdún 1944, Lántòrò, tí ó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ń kó aláìsàn ọpọlọ sí ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí Lambo gba iṣẹ́ Arò ní 1954, ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé, ẹbí kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ lé ti wọn wá. Wọ́n ń roko, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú. Ó tún pe àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, èyí tí ó ya àwọn òyìnbó lẹ́nu.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé ẹjọ́. Ní 1955 ó kọ̀wé lórí bí àṣà Yorùbá ṣe ń hàn nínú wèrè ẹni tí ó gbà pé ayé ń lépa òun. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù àjẹ́ tàbí èpè ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti gbà á gbọ́, wèrè ha ni? Dókítà tí kò mọ ilé ẹni yóò ṣì í mú, yóò sì kọ ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí adájọ́. Ní 1962 ó tún kọ̀wé lórí ìfòyà burúkú kan tí ó ń ti ènìyàn dé ìdí ìpànìyàn. Lójú tèmi, ìwé méjèèjì yìí tọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ju ọ̀pọ̀ tí a ń há sórí lọ.

Ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968. Ní 1971 ó kọjá sí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva, ó sì di igbákejì ọ̀gá pátápátá níbẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2004.

Bí adájọ́ bá rí i pé ọkùnrin ará Ìfọ́n wa kò lè jẹ́jọ́, ẹjọ́ yóò dúró, wọn yóò sì tì í mọ́lé títí àṣẹ Gómìnà yóò fi dé. Àwọn mìíràn ti pẹ́ lẹ́wọ̀n báyìí ju iye ọdún tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn ìbá gbà lọ. Ní abúlé Arò, ìyá aláìsàn wà nítòsí tí ó ń se ọbẹ̀ fún un. Ní àtìmọ́lé, bí fáìlì bá sọnù, kò sí ẹni tí yóò béèrè rẹ̀.