Teslim Balogun: Ààrá Tó Sán Dé Ìdíje Líìgì Ìlú Ọba

Ní Ọjà Ọba nílùú Òṣogbo, àti ní Iléṣà pẹ̀lú, bí òpin ọ̀sẹ̀ bá ti dé, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń gba ẹnu ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. Àwọn kan ń pe ara wọn ní ọmọ Arsenal, àwọn mìíràn ní ọmọ Chelsea. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ló mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà kan ti gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ìlú Ọba kí wọ́n tó bí bàbá àwọn mìíràn nínú wọn? Teslim Balogun lorúkọ rẹ̀.

Ìlú Èkó ni wọ́n ti bí i. Bí ó bá gbá bọ́ọ̀lù, agbára tó fi ń gbá a kọjá sísọ, ìdí nìyí tí àwọn èrò ìwòran fi sọ ọ́ ní Thunder, èyíinì ni Ààrá.

Lọ́dún 1949, ó wà lára àwọn agbábọ́ọ̀lù 18 tí Nàìjíríà fi ọkọ̀ ojú omi rán lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Etim Henshaw ni balógun ikọ̀ náà. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbá bọ́ọ̀lù, síbẹ̀ wọ́n na ẹgbẹ́ Marine Crosby ní àmì ayò 5 sí 2. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n sì na Sierra Leone ní 2 sí òdo.

Ọdún 1955 ni Balogun tún padà lọ, tó sì wọ ẹgbẹ́ Peterborough United. Ẹgbẹ́ náà kò tíì sí nínú líìgì ńlá nígbà náà. Ọdún 1960 ni wọ́n tó gbà á wọlé. Queens Park Rangers, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣí ilẹ̀kùn náà fún un lọ́dún 1956. Ìpele kẹta ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n ìdíje líìgì gan-an ni, ó sì gbá bọ́ọ̀lù wọlé níbẹ̀.

Kò sọ òkèèrè di ilé. Ó kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó padà wálé, ó sì fi ìmọ̀ rẹ̀ tọ́ àwọn ọ̀dọ́ sọ́nà títí ikú fi mú un lọ lóṣù keje ọdún 1972.

Láyé Balogun, agbábọ́ọ̀lù ló ń ru ọjà rẹ̀ lọ bá oníbàárà. Lóde òní, ọjà gan-an ló fẹ́ máa rìn. Lọ́dún 2008, àwọn aláṣẹ líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbèrò láti máa gbá ìdíje kan ní òkèèrè, ṣùgbọ́n àtakò pọ̀, wọ́n sì jáwọ́. Lọ́dún 2025, Sípéènì fẹ́ gbé Villarreal àti Barcelona lọ sí Miami, Ítálì sì fẹ́ gbé Milan àti Como lọ sí Perth ní Ọsirélíà. Méjèèjì ló forí ṣánpọ́n.

Kò sí ìkankan nínú ìlú méjèèjì yìí tó wà nílẹ̀ Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ owó ìwòran ń jáde ní Òṣogbo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ti fi orúkọ Balogun sọ pápá ìṣeré ńlá tí wọ́n ṣí ní Sùúrùlérè lọ́dún 2007. Iyì tó kù tí a lè bù fún un ni kí a máa kún pápá tiwa láti wo líìgì tiwa. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko.