Dókítà Tó Wọ Ẹgbẹ́ Ṣànpọ̀nná

Bí wọ́n bá ní ká ka àwọn Sàró tó lórúkọ ní Èkó àtijọ́, kíá la ó ti dárúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti Herbert Macaulay. Dókítà Ògúntọ́lá Sapara kì í tètè wá sí wa lẹ́nu. Ọmọ Ìpakodò ni mí, létí ọ̀sà, mo sì gbà pé ó yẹ kí àwa tí a wá láti apá Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ mọ̀ ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni ìjà tó sọ ọ́ di olókìkí ti bẹ̀rẹ̀.

Freetown ni wọ́n bí i sí ní 1861. Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú tí wọ́n sì gbà sílẹ̀ sí Sàró. Alexander Johnson Williams ni orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà. Christopher Sapara Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di lọ́yà, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èyí àbúrò kò bá ìwé òfin lọ. Ó kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó ṣe apòògùn ní ọsibítù ìjọba, lẹ́yìn náà ló wọkọ̀ lọ sílùú òyìnbó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ó gbàwé ẹ̀rí ní Scotland ní 1895, ìjọba Èkó sì gbà á síṣẹ́ ní 1896. Láàárín àwọn ọdún yẹn ló bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀, tó di Ògúntọ́lá Ọdúnbákú Sapara. Kì í ṣe òun nìkan ló ṣe irú ẹ̀. Àsìkò kan náà ni David Vincent di Mọ́jọlá Agbébí.

Ní 1897 ìgbóná jà ní Ẹ̀pẹ́. Ìgbóná ni mo kọ yẹn, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé nìyẹn: a kì í dédé pe orúkọ òrìṣà tó ni ín. Olóde là ń wí, tàbí Ọba. Ara èèyàn á gbóná, kòkòrò lílé á bò ó láti ojú dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹni tó bá kú, ó kú. Ẹni tí kò kú, ojú rẹ̀ á dápàá, òmíràn á fọ́jú. Ẹbí kò gbọdọ̀ sunkún òkú náà, wọn kò sì gbọdọ̀ sin ín. Àwọn àwòrò Ṣànpọ̀nná ló ń sin ín, àwọn náà ló ń kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti rú Sapara lójú nìyẹn. Àbẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbóná ti wà láti ìgbà ayé Jenner, ní 1796, síbẹ̀ àrùn náà ń padà wá, nígbà mìíràn sí ilé ẹni tó bá àwòrò ṣe gbólóhùn asọ̀. Ó lè jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ kó máa bú wọn ní kèfèrí, bí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ti ń ṣe. Dípò bẹ́ẹ̀, ó wọ ẹgbẹ́ awo náà.

Nínú ibẹ̀ ló ti rí i. Àwọn kan nínú àwòrò ń ha èépá ara ẹni tí ìgbóná mú, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́, wọ́n sì ń fi ran ẹni tí wọ́n bá fẹ́. Àwa tó ka ìwé lónìí mọ̀ pé kòkòrò àrùn náà lè wà láàyè fún oṣù mélòó kan nínú èépá gbígbẹ. Àwọn kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iṣẹ́ tí èépá ń ṣe.

Ó tú àṣírí náà fún ìjọba. Nígbà tó yá òfin jáde tó ka ìsìn Ṣànpọ̀nná léèwọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa á ní ó da awo. Bẹ́ẹ̀ ni, ó da awo. Ṣùgbọ́n awo wo là ń bò nígbà tí ọmọdé ń kú? Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni òfin ọ̀hún fúnra rẹ̀. Kò ya àwòrò tó ń ha èépá kúrò lára ìyá àgbà tó kàn ń bọ òrìṣà ìdílé rẹ̀. Pọ̀ọ́ ni wọ́n pa wọ́n pọ̀. Àgbàrá rẹ̀ kò sì gbé ẹni tó mọ ewé tó ń tu aláìsàn lára sílẹ̀.

Sapara fúnra rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ yẹn. Ó ń wádìí ewé àti egbò lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn, ó sì ń lò wọ́n mọ́ oògùn òyìnbó. Ẹ rántí pé ọ̀gá tó ń bá ṣiṣẹ́ kò fojú ẹgbẹ́ wo òun gan-an. Ní 1902 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, wọ́n sì là á mọ́lẹ̀ pé ọmọ òyìnbó nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Dókítà aláwọ̀ dúdú wà ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, owó rẹ̀ kéré, àní òyìnbó tó dé lánàá lè máa pàṣẹ fún un. Ọkùnrin tí awo Ṣànpọ̀nná gbà wọlé, ẹgbẹ́ dókítà kò gbà á.

Síbẹ̀ ó ṣiṣẹ́ ìjọba títí di 1928. Wọ́n fún un ní oyè ISO ní 1923. Ó kú ní 1935, ìgbóná ṣì ń jà káàkiri ilẹ̀ wa. Ọdún 1970 ni ẹni tó mú kẹ́yìn ní Nàìjíríà; ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé.