Joseph Lancaster, Olùkọ́ Tí Ó Ní Kí Gbogbo Kíláàsì Gbé Síléètì Sókè

Nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, bí olùkọ́ bá bi wá léèrè bóyá ẹ̀kọ́ náà yé wa, ohùn kan náà ni gbogbo wa fi ń dáhùn pé ó yé wa. Ìdánwò ni ó máa ń tú wa fó. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò jẹ́ gba irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ kankan.

Ní ọdún 1778 ni a bí Joseph Lancaster sí Southwark ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Baba rẹ̀ ti ṣe ọmọ-ogun rí, asẹ́ ni ó sì ń ṣe tà. Nígbà tí Joseph dàgbà, ó darapọ̀ mọ́ àwọn onígbàgbọ́ tí à ń pè ní Quaker. Ní ọdún 1798, nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ogún ọdún, ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ sí ilé baba rẹ̀. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lówó kò san nǹkan kan. Àwọn ọmọ wọ́ tìrítìrí wá, títí wọ́n fi di ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú gbọ̀ngàn ńlá kan ní Borough Road, lábẹ́ olùkọ́ kan ṣoṣo. Nítorí pé kò lówó tí yóò fi gba olùkọ́ mìíràn, ó fi àwọn ọmọ tí ó mọ̀wé jù ṣe mọ́nítọ̀ lórí àwọn yòókù.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́, bí ogún ọmọ bá wà ní kíláàsì, ọ̀kan yóò dìde láti pe lẹ́tà ọ̀rọ̀ kan, àwọn mọ́kàndínlógún yòókù yóò sì máa wo òkè. Lancaster kọ èyí. Mọ́nítọ̀ rẹ̀ yóò pe ọ̀rọ̀, gbogbo ọmọ yóò sì kọ ọ́ sórí síléètì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ a máa fi ìka kọ lẹ́tà sínú iyanrìn. Ó gbé pátákó kan síwájú gbọ̀ngàn, tí lẹ́tà ara rẹ̀ ṣeé yí padà. Bí S méjì bá ti yọ, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ yóò gbé síléètì sókè láìsí ariwo. Mọ́nítọ̀ yóò gba iwájú wọn kọjá, yóò sì rí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n àti ẹni tí ó ṣì í. Kò sí ọmọ tí ó lè fara pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn. (Àwa tí a lo síléètì ní kékeré mọ bí ọwọ́ ṣe ń gbọ̀n nígbà tí ó bá jẹ́ pé ti aládùúgbò ẹni ni a wò kọ.)

Síbẹ̀ a kò ní ṣàì sọ pé ohun tí ọwọ́ kọ ni síléètì ń fi hàn. Ọmọ lè kọ ìgbàlà láìṣì lẹ́tà kan, kí ó má sì mọ ohun tí ìgbàlà jẹ́. Mọ́nítọ̀ tí ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọdé ni òun náà. Bẹ́ẹ̀ ni Lancaster kórìíra pàṣán, ṣùgbọ́n ó ń fi agbọ̀n gbé ọmọ tí ó ṣẹ̀ kọ́ sí àjà, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi í rẹ́rìn-ín. A kò lè gbèjà rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọdún 1805, Ọba George Kẹta gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, nítorí ó fẹ́ kí gbogbo ọmọ tálákà ilẹ̀ rẹ̀ lè ka Bíbélì. Òkìkí dé, owó kò dúró. Ẹni tí ó lè yẹ síléètì ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ wò ní ìṣẹ́jú kan kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ ìwé owó rẹ̀ wò. Ní ọdún 1808, William Allen àti Joseph Fox gba gbèsè rẹ̀ rù, wọ́n sì ní kí ìṣirò wà. Ó bínú sí wọn títí wọ́n fi pínyà. Ó lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1818. Ó dé Caracas lọ́dọ̀ Simón Bolívar, ó sì dé Montreal. Ìjà owó kò yé bá a rìn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1838, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin gbá a ní ìgboro New York, ó sì kú.

Ọgbọ́n rẹ̀, àti ti àlùfáà Andrew Bell tí wọ́n jọ ń du ẹni tí ó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, ti dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì ní Sàró nígbà náà. Ní ọdún 1822 ni a kó ọmọkùnrin kan láti Òṣogùn débẹ̀, tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun. Wọ́n sì fi í ṣe mọ́nítọ̀, wọ́n ń san pẹ́nì méje àbọ̀ fún un lóṣù. Àjàyí ni orúkọ ọmọ náà, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther.