Sir Samuel Manuwa: Dókítà Tó Dojú Kọ Egbò Ẹsẹ̀ Mẹ̀kúnnù

Nínú ìtàn àwọn àgbà wa tó ti lọ, Olóyè Sir Samuel Láyínká Ayọ̀dèjì Manuwa ló kàn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ló mọ orúkọ náà nítorí pé ó wà lára orúkọ ìlú, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi wọ́n léèrè ohun tí Bàbá ṣe láyé, wọ́n á kàn ní dókítà ni. Dókítà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irú dókítà wo? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ọdún 1903 ni wọ́n bí Bàbá, sínú ìdílé ọba Itẹbu-Manuwa, létí omi ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó ti òde òní. Reverend Benjamin Manuwa ni bàbá tó bí wọn. Wọ́n lọ sí CMS Grammar School l'Ékòó, wọ́n kọjá sí King's College, ibẹ̀ ni wọ́n ti gba Yunifásítì Edinburgh lọ ní Scotland. Ní 1926 wọ́n gboyè dókítà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bùn ẹ̀yẹ, wọ́n tún lọ kọ́ nípa àìsàn ilẹ̀ olóoru ní Liverpool. Ní 1927, wọ́n padà sílé, wọ́n sì wọṣẹ́ ìjọba.

Ẹ má rò pé wọ́n tẹ́ ẹní dè wọ́n o. Láti 1902 ni ìjọba òyìnbó ti kó àwọn dókítà rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà pọ̀ sábẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo, tí òfin rẹ̀ sì sọ pé ẹni tí ìran rẹ̀ bá ti Yúróòpù wá nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Dókítà aláwọ̀ dúdú tó bá ríṣẹ́ ìjọba, ìwé tirẹ̀ yàtọ̀, owó oṣù rẹ̀ kéré sí ti òyìnbó tí wọ́n jọ kàwé, ipò rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Bàbá wọ̀ lẹ́ni ọdún mẹ́rìnlélógún. Wọn ò bínú fiṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́-abẹ ni wọ́n gbájú mọ́, wọ́n sì ṣe é fún ọdún méjìdínlógún.

Àìsàn wo ló gba àkókò wọn? Egbò ni. Àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n sí egbò adáàjinná. Ẹ̀gún á gún àgbẹ̀ lóko, tàbí igi á ha ọmọdé lójúgun. Wọ́n á fi ewé lé e, wọ́n á fi àkísà wé e. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú egbò á fẹ̀, ẹran ara á máa kú, á sì máa rùn. Tí kò bá tètè jinná, á jẹ wọnú iṣan, á sì jẹ kan eegun ojúgun. Ẹlòmíì á gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ẹsẹ̀ á fi tẹ̀ tàbí kó gan. Nígbà mìíì, á di jẹjẹrẹ, gígé ni wọ́n á gé ẹsẹ̀ náà. Àìjẹunre sì máa ń dá kún un. Egbò olówó tó ń wọ bàtà kọ́ nìyẹn. Egbò mẹ̀kúnnù ni. Àgbẹ̀ tí kò lè dìde, oko rẹ̀ á kún, ọmọ rẹ̀ á kúrò nílé ìwé.

Nígbà tí Bàbá bẹ̀rẹ̀, kò tíì sí penicillin ní ilé ìwòsàn wa. Ohun tó lè gba ẹsẹ̀ là ni kí dókítà gé gbogbo ẹran tó ti kú kúrò títí yóò fi kan èyí tó ṣì pọ́n tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, kí egbò lè jinná láti ìsàlẹ̀ wá. Tí ojú rẹ̀ bá tóbi jù, wọ́n á bu awọ láti itan lé e. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Bí ọ̀bẹ bá jìn jù, ó ti kan iṣan tàbí eegun. Bí kò bá jìn tó, egbò á tún padà. Nítorí iṣẹ́ yìí gan-an ni Bàbá ṣe gbé ọ̀bẹ kan jáde fúnra wọn, èyí tí wọ́n ṣe fún gígé irú egbò bẹ́ẹ̀. Ìwádìí Bàbá kì í ṣe ti orí ìwé lásán. Ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn iwájú wọn ló bí i. Ní 1938, wọ́n di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba FRCS, oyè àwọn àgbà dókítà oníṣẹ́-abẹ.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹnì kan ò lè tó gbogbo egbò Nàìjíríà. Ní Yábàá níbí, ìjọba ti dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní 1930, àmọ́ ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ wa níbẹ̀ kò jọ ti òyìnbó. Igbákejì dókítà ni wọ́n ń jẹ́ tí wọ́n bá jáde. Nígbà tí wọ́n dá University College sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, tí ẹ̀kọ́ dókítà sì kúrò ní Yábàá lọ síbẹ̀, Bàbá wà nínú ìgbìmọ̀ tó kọ́kọ́ darí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣètò níbẹ̀ ló fún ọmọ Nàìjíríà ní ojúlówó oyè dókítà. Nígbà tó yá, Bàbá di alága ìgbìmọ̀ yunifásítì náà.

Ní 1948 kan náà ni wọ́n di igbákejì olórí iṣẹ́ ìlera Nàìjíríà. Ní 1951 wọ́n di olórí pátápátá, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ níbẹ̀, ní 1954 wọ́n sì di olùdámọ̀ràn àgbà ìlera fún ìjọba àpapọ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ sábẹ́ òyìnbó wá di ọ̀gá òyìnbó. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀ ni ọ̀bẹ. Dókítà tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká bẹ́ẹ̀ lọ jókòó ti fáìlì àti ìpàdé. Ẹni tó bá mọyì iṣẹ́ ọwọ́ á mọ̀ pé kò rọrùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá lójú ọ̀nà Ìkòròdú lójoojúmọ́, ẹ mọ ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì. Àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀. Láti 1945, àwọn onífísíò méjì láti ìlú òyìnbó ti ń tọ́jú wọn níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà níṣẹ́ náà. Ní 1956, ọdún tí Ọbabìnrin Elizabeth wá, tí Bàbá sì jẹ́ olùdámọ̀ràn àgbà, ni Ìgbóbì di Royal Orthopaedic Hospital. Ní 1962 ni LUTH tẹ̀ lé e ní Ìdí-Àràbà. Ibi méjèèjì ṣì ń wòsàn, wọ́n sì ń kọ́ dókítà.

Bàbá tún ṣe kọmíṣánnà nínú ìgbìmọ̀ tó ń gba òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Wọ́n ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn dókítà oníṣẹ́-abẹ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1960. Ọbabìnrin fi wọ́n joyè Sir. Nílé, Ìyásẹ̀rẹ̀ Itẹbu-Manuwa ni wọ́n. Wọ́n papò dà ní 1976.

Ẹ̀yin ará, ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn òbí wa tí ẹ bá délé lọ́dún yìí. Egbò tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò jinná, ẹ gbé e lọ fún dókítà, pàápàá tí ẹni náà bá ní ìtọ̀ ṣúgà. Tí ọmọ bá ṣẹ́ eegun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n so igi mọ́ ọn pinpin títí ìka á fi tutù tàbí dúdú. A bọ̀wọ̀ fún àwọn atòegun wa, ṣùgbọ́n ìdè tó le jù ti gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ. Ẹni tó bá sì ní ọmọ tó fẹ́ ṣe dókítà tí owó ò sí, ẹ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá sípàdé, ẹ má jẹ́ ká gbọ́ ọ lẹ́yìn tí ọmọ ti jáwọ́.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá sáfẹ́fẹ́ rere. Ìlú wa á gòkè o. Àṣẹ.