Olóògbé Dúró Ládípọ̀ àti Ìlù Dùndún

Ní Òṣogbo ni a bí Olóògbé Dúró Ládípọ̀, ọmọ katikíìsì ìjọ Áńgílíkà sì ni. Ní 1961 ó gbé orin Àjíǹde kalẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ níbẹ̀, ó sì fi ìlù dùndún sí i. Inú ọ̀pọ̀ nínú ìjọ kò dùn, nítorí wọ́n ka ìlù náà sí ti abọ̀rìṣà. Nígbà náà ni ó gbé orin rẹ̀ lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Ní 1963 ó ṣe eré olórin Ọba Kò So. Ní 1964 àwọn ará Berlin gbọ́ ọ. Ó sùn ní 1978. Àwa tí a ń fi ìlù yin Olúwa ní Alágbàká lónìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí á tún lé ẹ̀bùn ọmọ wa sẹ́yìn ilẹ̀kùn.